Fífún Ọmọ Lọ́mú: Ìtọ́sọ́nà fún Ìyá Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bímọ

Ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fojú ba oorun: "Ṣé omi ọmú mi ń tó ọmọ yìí?" A kò lè rí inú ọyàn ká mọ iye tó wà níbẹ̀, a kò sì lè ka iye tó gba ọ̀fun ọmọ kọjá. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti ké lẹ́ẹ̀mejì léraléra, àwọn tó wà nítòsí á ti máa sọ pé kò yó, mílíìkì agolo á sì dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí a tó lọ jìnnà ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe omi ọmú ló wọ́n. Bí ẹnu ọmọ ṣe di ọyàn mú ni kò dáa, tàbí kó jẹ́ pé wọn kì í gbé e sí ọyàn tó bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni n ó ti pẹ́ jù, pẹ̀lú bí ẹ ṣe lè wo inú ìlédìí kí ẹ sì fúnra yín dáhùn ìbéèrè náà.

Kí ọmọ tó dé

Ìmúrasílẹ̀ ò pọ̀. Ẹ má fi kànìnkànìn ha orí ọmú, ẹ má sì máa fà á pé kó lè le; ńṣe nìyẹn ń bó awọ rẹ̀. Ọyàn kékeré kò ní kí omi ọmú kéré, torí ọ̀rá ló ń pinnu bí ọyàn ṣe tóbi tó. Orí ọmú tó wọnú kò ní kí ọmọ má lè mu, nítorí ọyàn ni ọmọ ń kó sẹ́nu, kì í ṣe orí ọmú nìkan.

Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún agbẹ̀bí tàbí dókítà ṣáájú ni bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín lọ́yàn rí, bí oògùn kan bá wà tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, tàbí bí ọyàn yín kò bá yí padà rárá látìgbà tí oyún ti dé. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lé yín láyà bó bá ti wáyé, kí ìwẹ̀ àti ìwọ̀n dúró díẹ̀.

Wákàtí àkọ́kọ́ àti ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti ti UNICEF ni pé kí ọmọ ti mu ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i. Kí wọ́n nu ọmọ gbẹ, kí wọ́n tẹ́ ẹ sí àyà ìyá rẹ̀ láìwọṣọ, ara kan ara, kí wọ́n sì fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fipá ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá fún un láyè, ẹ ó rí i tó ń lá ètè, tó ń gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, tó ń wọ́ lọ síhà ọyàn fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá ti là, tí ẹnì kan sì wà nítòsí tó ń bá a di ọmọ mú.

Omi ọmú tó ń kọ́kọ́ jáde nípọn, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò pọ̀, ó lè má ju ṣíbí kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fún un dànù, kò bàjẹ́. Ikùn ọmọ ọjọ́ kan kéré, ìwọ̀nba yẹn ló ń fẹ́. Àwọn èròjà tó ń gbógun ti àrùn pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, òun náà ló sì ń bá ọmọ tú ìfun kí ìgbẹ́ dúdú tó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ lè jáde. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ karùn-ún, ọyàn á wúwo, omi rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì máa funfun. Fún ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀ nígbà ìbímọ, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọmọ kò bá tíì lè fà, bóyá torí pé oṣù rẹ̀ ò pé, ẹ fọwọ́ fún omi ọmú sínú ṣíbí mímọ́, kí ẹ máa kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Omi, omi ṣúgà àti oyin kò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Oyin léwu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí ó lè ní kòkòrò tó ń fa botulism, àìsàn tó ń mú kí iṣan ara rọ. Omi lásán náà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kódà nígbà ooru: ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá omi ọmú lọ tó jẹ́ omi.

Ìjókòó

Ẹ gbé omi tí ẹ ó mu sítòsí, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ yín tẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọmọ wá bá ọyàn. Ìyá tó bá ń tẹ̀ síwájú láti gbé ọyàn lọ bá ọmọ, ẹ̀yìn ló máa fi jẹ níyà, ọmú á sì máa bọ́ lẹ́nu ọmọ.

Bó ti wù kí ẹ jókòó, ẹ wo nǹkan mẹ́rin yìí. Ìkíní, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ tò gbọọrọ, kó má yí ọrùn. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ yí ojú sí èjìká kan, kí ẹ gbìyànjú láti gbé omi mì, ẹ ó mọ ohun tí ojú ọmọ ń rí. Ìkejì, kí gbogbo iwájú ara rẹ̀ kọ sí yín, ikùn kan ikùn. Ìkẹta, kó sún mọ́ yín tímọ́tímọ́. Ìkẹrin, kí ọwọ́ yín gbé gbogbo ara rẹ̀, kó má jẹ́ orí nìkan.

Ẹ lè gbé e kọjá níwájú yín. Ẹ lè tẹ́ ẹ sí abẹ́ apá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ sẹ́yìn yín. Èyí dára fún ẹni tí ojú iṣẹ́ abẹ ń dùn, fún ìyá ìbejì, àti fún ẹni tí ọyàn rẹ̀ tóbi. Ẹ lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ẹ jọ dojú kọra. Bí omi ọmú bá ń tú jáde gan-an tí ọmọ ń fi ń fún lọ́rùn, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbé e lé àyà, kó máa mu láti òkè.

Bí ẹnu ọmọ ṣe yẹ kó di ọyàn mú

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ìdí púpọ̀ nínú ìrora, ẹkún àti "omi ò tó" wà níbí.

1. Ẹ jẹ́ kí imú ọmọ kọjú sí orí ọmú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Kí àtẹ́lẹwọ́ yín wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀, kí àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ etí rẹ̀. Ẹ má ti ìpàkọ́ rẹ̀. Ọmọ tí a bá ń ti ìpàkọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò máa ti orí sí.

2. Ẹ fi orí ọmú kan ètè òkè rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ dúró. Ó lè kọ́kọ́ la ẹnu díẹ̀. Ẹ má tíì kánjú. Ẹ dúró dìgbà tó bá yanu gbàgàdà tí ahọ́n rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

3. Bó ti yanu, ẹ yára fà á mọ́ra. Àgbọ̀n rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ọyàn, kí ètè ìsàlẹ̀ balẹ̀ síbi tó jìnnà sí orí ọmú. Orí ọmú ló máa wọlé kẹ́yìn, yóò sì kọjú sí òkè ẹnu.

4. Bó bá ti mú un, ẹ sinmi èjìká. Bí imú rẹ̀ bá fẹ́ sé mọ́ ọyàn, ẹ fa ìdí rẹ̀ mọ́ra sí i. Orí rẹ̀ á yọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Wàyí o, ẹ wò ó dáadáa. Àgbọ̀n rẹ̀ tẹ ọyàn. Ètè ìsàlẹ̀ yí síta. Nínú ibi tó ṣú yí orí ọmú ká, ẹ ń rí òkè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, kò jìn wọlé. Ó kọ́kọ́ ń fà á wéréwéré, lẹ́yìn náà ó fà á gígùn, ó dúró díẹ̀, ẹ sì gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Bó bá jẹ́ pé ìró "kọ́ kọ́" lẹ ń gbọ́ láti ẹnu rẹ̀, kò tíì mú un dáadáa.

Nígbà tó bá jù ú sílẹ̀, ẹ wo orí ọmú. Ó yẹ kó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, bóyá kó kàn gùn sí i. Bó bá jáde ní pẹlẹbẹ, tàbí tí apá kan rẹ̀ yọ ṣóńṣó, àárín àjà ẹnu àti ahọ́n ni ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ó lè fa yín lára fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ mú un. Ìrora tó bá ń bá a lọ kọjá ìyẹn kì í ṣe ohun tí abiyamọ gbọ́dọ̀ fara dà. Ẹ ki ìka kékeré tó mọ́ sí igun ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kó jù ú sílẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò burú. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń dùn yín, ẹ ní kí agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa ọmú jókòó tì yín nígbà tí ọmọ ń mu lọ́wọ́, kó sì yẹ abẹ́ ahọ́n ọmọ wò. Awọ tó so ahọ́n àwọn ọmọ kan mọ́lẹ̀ kúrú débi pé wọn kò lè nà án síta.

Ìgbà wo, àti ẹ̀ẹ̀melòó?

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọmú, ẹkún ló ń kẹ́yìn. Kí ọmọ tó ké, ó ti ń yí orí kiri, ó ti ń la ẹnu, ó ti ń ki ọwọ́ bọnu, ó ti ń ṣe ahọ́n síta. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e. Ọmọ tó ti ń ké kíkankíkan, ahọ́n rẹ̀ ti gbé sókè, inú ti bí i, kò sì ní lè di ọyàn mú dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ gbé e mọ́ àyà, kí ẹ rẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó fún un.

Ọmọ tuntun máa ń mu ọmú lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín wákàtí 24, lọ́sàn-án àti lóru. Kò sí aago nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ń sùn jù ni, ẹ jí i bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá, títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi padà sí iye tí wọ́n fi bí i. Ẹ tú aṣọ lára rẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó mu ọyàn kan títí tó fi jù ú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó gbé èkejì fún un. Bó bá gbà á, ó dáa. Bí kò gbà á, èkejì yẹn lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ọyàn bá ṣe ń gbẹ sí i ni ọ̀rá inú omi rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí a máa já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kànga ni ọyàn: bí a bá ṣe ń fà á ni omi rẹ̀ ń sun. Bí ọmọ bá ń fà, ọpọlọ ìyá á tú họ́mọ́ọ̀nù méjì jáde: prolactin tó ń pàṣẹ pé kí omi ọmú máa ṣe, àti oxytocin tó ń tì í jáde. Prolactin máa ń ga jù lóru, nítorí náà ẹ má fo ti òru. Bí omi bá sì pẹ́ nínú ọyàn tí ẹnikẹ́ni kò fà á, ara á gbà pé a kò nílò rẹ̀, á dín in kù. Ìdí nìyẹn tí mílíìkì agolo tí wọ́n fún ọmọ "kó lè sùn" fi máa ń bá ọmú jà: ọmọ yó, kò fa ọyàn, omi ọ̀la á sì dín. Àpéjọ Ìlera Àgbáyé rí ewu yìí nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà 1981 tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ má fún àwọn ìyá ní àwòdánwò mílíìkì ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó wọlé ló ń jáde: ìlédìí

Lọ́jọ́ kìíní, ó kéré tán kó tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ karùn-ún lọ, ó yẹ kí ìlédìí tútù tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 24, kí ìtọ̀ náà mọ́, kó má rùn jù. Ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ ní dúdú tó ń fà, á di àwọ̀ ewé, nígbà tó bá fi máa tó ọjọ́ karùn-ún á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á rọ̀, á ní hóró wínníwínní nínú. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ tó ń mu ọmú nìkan lè lo ọjọ́ mélòó kan láìyàgbẹ́. Bó bá rọ̀ nígbà tó jáde, tí ara ọmọ sì le, kò sí wàhálà.

Ìwọ̀n náà ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ọmọ ló ń fọn díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá fẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ bó ṣe ń mu ọmú wò lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó ti padà síbi tó wà nígbà ìbí. Láti ibẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó sábà máa ń fi gíráàmù 150 sí 200 kún un lọ́sẹ̀.

Bí ìlédìí àti ìwọ̀n bá dára, ẹ má jẹ́ kí àwọn nǹkan wọ̀nyí já yín láyà. Pé ọyàn rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ara ti mọ iye tí ọmọ ń fẹ́ ni. Pé ẹ fi ẹ̀rọ fà á, tí díẹ̀ ló jáde: ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n fà tó ọmọ. Pé ọmọ ń fẹ́ ọmú léraléra láti ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́: ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń yára dàgbà, bíi ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ kẹfà àti oṣù kẹta. Ẹ máa fún un. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi á bá a dé ibi tó ń lọ.

Àwọn wọ̀nyí ni kò gba ìdúró, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an: ọmọ tí ìlédìí rẹ̀ kò tutù fún wákàtí mẹ́jọ; tó sùn tí a kò rí i jí láti mu ọmú; tí àwùjẹ̀ orí rẹ̀ jìn; tí ara rẹ̀ gbóná tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta; tí ojú tàbí awọ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ bíi ti ibà pọ́njú láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tí ìpọ́n náà ń sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀; tó ń bì èébì aláwọ̀ ewé.

Bó bá jẹ́ pé ó kéré ní tòótọ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ibi ọmọ tó ṣẹ́kù sínú, ẹ̀jẹ̀ tó dà púpọ̀, àìsàn tírọ́ìdì, iṣẹ́ abẹ ọyàn, ọyàn tí ẹran ara tó ń ṣe omi ọmú kò pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní họ́mọ́ọ̀nù estrogen lè fà á. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Lákòókò kan náà, ẹ máa gbé ọmọ sí ọyàn ní gbogbo wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ máa fi ọwọ́ rọra tẹ ọyàn nígbà tó bá ń mu kí omi lè máa ṣàn, kí ẹ sì fa èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó bá mu tán.

Bí dókítà bá ní kí ọmọ gba àfikún, ẹ fún un. Omi ọmú tí ẹ ti fà pamọ́ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ti ẹlòmíràn tí ilé ìwòsàn ti yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà mílíìkì agolo. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ìyá tó fi àfikún kún ti ara rẹ̀ ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹ̀gàn rẹ̀. Ìwọ̀nba tí dókítà sọ ni kí ẹ dúró lé, kí ọmọ ṣì máa fa ọyàn ṣáájú.

Ìrora àti ọyàn tó wú

Orí ọmú tó bó: ẹ padà sí bí ẹnu ṣe ń di í mú, ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Ẹ kán omi ọmú tiyín sí i, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọyàn tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọyàn tó kún tó le: èyí máa ń wáyé nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ibi tó ṣú lè le débi pé ọmọ kò ní lè dì í mú. Ẹ fi orí ìka yí orí ọmú ká, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, á rọ̀. Ẹ fún díẹ̀ jáde, kí ẹ tó gbé ọmọ sí i. Lẹ́yìn tó bá mu tán, ẹ fi aṣọ tútù lé e.

Bí apá kan ọyàn bá pọ́n, tó gbóná, tó ń ro, tí ibà àti òtútù sì dé, ìwúlé ni. Ẹ má dá ọmú dúró. Omi rẹ̀ kò ní pa ọmọ lára. Ẹ sinmi, ẹ fi aṣọ tútù lé e, ẹ lo paracetamol tàbí ibuprofen bí a ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ pé kí a fọwọ́ ra á gírí títí kókó náà á fi túká. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí Academy of Breastfeeding Medicine, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa fífọ́mọ lọ́mú, gbé jáde ní 2022 sọ pé ìfọwọ́ra líle àti fífa omi ọmú láfàjù ń mú kí ìwúlé náà pọ̀ sí i. Ẹ kàn máa fún ọmọ bó ṣe ń fẹ́. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín wákàtí 24, tàbí tó ń le sí i, ẹ lọ rí dókítà. Oògùn apakòkòrò wà tí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò.

Bí orí ọmú bá ń ta yín wàrà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò ti dùn, tí nǹkan funfun sì lẹ̀ mọ́ inú ẹnu ọmọ tí kò ṣeé nù kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èbu, àkóràn tí àwọn dókítà ń pè ní thrush. Ìyá àti ọmọ ni wọ́n máa jọ gba ìtọ́jú.

Fífa omi ọmú pamọ́

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò sókè, ìka méjì sísàlẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sẹ́yìn orí ọmú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn síhà àyà, ẹ tẹ ìka pọ̀, ẹ tú u, ẹ tún ṣe é. Ìka kò gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí awọ. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan sí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bí ibì kan bá dẹwọ́, ẹ yí ìka lọ síbòmíràn.

Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 25°C lọ, omi ọmú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lè wà fún wákàtí mẹ́rin. Nínú fìríìjì, ọjọ́ mẹ́rin, kó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kó má jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú fìrísà, oṣù mẹ́fà ló dára jù. Èyí tó ti yòrò nínú fìríìjì kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 24, a kì í sì í dì í padà. Èyí tí ọmọ ti fẹnu kàn tó ṣẹ́ kù, lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dà á nù. Inú omi gbígbóná ni kí ẹ ti mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Microwave máa ń mú kí apá kan gbóná débi tó fi lè jó ọmọ lẹ́nu. Bí ọ̀rá bá léfòó, ẹ rọra mì í.

Ife kékeré dára ju ìgò ọlọ́mú rọ́bà lọ fún ọmọ tó ṣì ń kọ́ ọmú, torí ó rọrùn láti fọ̀, kò sì ń da ẹnu rẹ̀ rú. Ẹ gbé ọmọ jókòó, ẹ jẹ́ kí etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó máa lá a fúnra rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu.

Fún ẹni tó ń padà síbi iṣẹ́: àdéhùn 183 tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, ILO, ṣe ní 2000 béèrè ìsinmi ìbímọ tí kò dín ní ọ̀sẹ̀ 14, àti àkókò lójoojúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú, tí wọ́n ó kà mọ́ wákàtí iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá orílẹ̀-èdè yín ti fọwọ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ọmú pamọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ìyá fúnra rẹ̀

Kò sí oúnjẹ àrà tí ẹ gbọ́dọ̀ wá kiri. Ẹ jẹun kánú, ẹ mumi bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín. Òùngbẹ ọ̀hún máa ń dé gẹ́rẹ́ tí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹni tó bá mu ife ọtí kan, kó dúró fún wákàtí méjì ó kéré tán kó tó fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀pọ̀ oògùn ni kò pa ọmọ lára, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ pé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú. Oògùn jẹjẹrẹ àti oògùn tó ní ìtànṣán kò bá ọmú rìn, ọmọ tó bá sì ní galactosemia, àìsàn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú wàrà, kò lè mu ọmú.

Ìmọ̀ràn WHO láti 2016 ni pé ìyá tó ní kòkòrò HIV tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú fún oṣù 12 ó kéré tán, ó sì lè bá a dé oṣù 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó má fi ohunkóhun lù ú ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìlànà orílẹ̀-èdè kan lè yàtọ̀, kí ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú yín.

Ọmú lè dá oyún dúró bí nǹkan mẹ́ta bá pé: ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan oṣù kò tíì padà, ọmọ sì ń mu ọmú nìkan tọ̀sán-tòru. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ó ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju 98 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin lọ. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí baba ọmọ àti àwọn ará ilé gba iṣẹ́ tó kù: kí wọ́n gbé ọmọ kó gùfẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ìlédìí, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ẹkún díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́pọ̀. Bí ọkàn bá ń rẹ̀ yín kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ yín, ẹ sọ fún dókítà. Bí èrò pé kí ẹ ṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe bá wá, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ sì má dá wà.

Láti oṣù mẹ́fà lọ

Omi ọmú nìkan ló tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn dókítà kan máa ń fi kún un ni ẹ̀kán fítámì D, 400 IU lóòjọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmọ nílò oúnjẹ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ọmú sì máa bá a lọ títí dé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí ìyá àti ọmọ bá ṣì ń fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fún un lọ́mú, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e; bó bá ń sún mọ́ ọdún kan, oúnjẹ lè máa ṣáájú.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ já a lẹ́nu ọmú, ẹ má ṣe é lójijì. Ẹ yọ ìgbà kan kúrò nínú ìgbà tó ń mu lójúmọ́, kí ẹ lo ọjọ́ mélòó kan bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó yọ òmíràn. Ti ọ̀sán ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, ti ìgbà oorun ló máa ń kẹ́yìn. Bí ọyàn bá kún tó ń dùn yín láàárín méjì, ẹ fún ìwọ̀nba tí ara á fi tù yín, ẹ má fà á gbẹ.